Ọwọ́ Mi Ló Fọ Ẹ̀rí Nù

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé yìí kí n tó sọ̀rọ̀ kankan. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà mi bá yín nínú ara líle, kí eruku òkè tí ẹ ń lu ihò sí má ṣe ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró yín, kí òkúta tó bá sì fẹ́ já máa já sí ẹ̀yìn yín. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ wà láàyè. Ìyá Kékeré, ọmọ yín, ti ga débi pé kaba tí ẹ rà fún un kí ẹ tó lọ ti di ẹ̀wù péńpé lára rẹ̀. Ó ti ká eyín iwájú méjì, ó sì ń fi àlàfo náà súfèé láti àárọ̀ títí tí gbogbo ojúlé fi ń bẹ̀ ẹ́. Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí, Bọ̀dá. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ óò máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù ibùdó yín kì í gbé ọ̀rọ̀ dé ìdajì kó tó já. Nígbà tí kò bá sì já, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń já a. Tí mo bá ti ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, Àǹtí mi, ni o," ẹ ó ní, "Mo ti gbọ́, mo ń bọ̀ ní ìparí ọdún," ẹ ó sì bi mí bóyá òrùlé ṣì ń jò. Mo ti tún òrùlé ṣe láti ìgbà òjò àkọ́kọ́. Ìwé ni ẹ kò lè já gbà lẹ́nu mi. Awakọ̀ tó ń gbé epo wá fún ẹ̀rọ ibùdó yín ló ń mú un bọ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ yín ni kó fi lé, kó má fi lé ọwọ́ ọ̀gá yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ọkọ̀ ti ń kùn, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀, ẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ pè mí ní Òkúta, orúkọ tí tíṣà wa ní abúlé sọ mí lọ́jọ́ tó nà mí títí tí mi ò fi jẹ́wọ́ ẹni tó fọ́ fèrèsé. Ẹ ní, "Òkúta, ìwọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ọsibítù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan ẹ̀gbọ́n rẹ kí n tó dé. Ilé ọmọ yẹn, a ṣì nílò rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ ní kí n búra. Mo ní èmi kì í búra, tí mo bá ti sọ ọ́, ó parí. Bọ̀dá, mo ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ará àdúgbò. Ẹ bọ́ àkẹtẹ̀ irin yín, ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tó mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti ẹ̀yin la jọ gbé pósí kékeré ọmọ yín tó kú, ó fúyẹ́ débi tí kò yẹ kó gba èèyàn méjì. Mo mọ̀ pé ẹ ti ní orúkọ kan nípamọ́ fún ọmọ mìíràn tí ẹ ń retí. Ẹ ò sọ orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i lójú yín tí ọmọ ẹlòmíràn bá ń sáré kọjá. Nítorí náà ni mo fi gbà fún yín ní ìdí ọkọ̀ láìjanpata.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. A ń fọ aṣọ fún ilé ìtura mẹ́ta àti ilé ìwòsàn kan, èmi ni wọ́n sì máa ń da èyí tó bá ní ẹ̀jẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìyá Ọṣẹ, ọ̀gá wa, ló kọ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi ni pé a kì í bu omi gbígbóná sí ẹ̀jẹ̀, nítorí omi gbígbóná ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di onílé lára aṣọ. Omi tútù ni, pẹ̀lú iyọ̀, pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà òòrùn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé wọ́n máa ń fi aṣọ tí mo fọ̀ han àwọn oníbàárà tuntun.

Oṣù kejì tí ẹ lọ, Ìyá Kékeré gbé ìdì aṣọ kan wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó ní, "Mọ́mì ní kẹ́ ẹ bá àwọn fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má tú u níwájú èèyàn." Mo tú u ní ẹ̀yìn garawa, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó kún un, mo sì yára dì í padà. Àǹtí mi yìí ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ aṣọ ilé-ìwé mi fún ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú ìyá wa. Bí apá wọn bá ká a, wọn ò ní gbé e wá fún mi. Ìyẹn nìkan tó kó yé mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó yé mi. Ìdì kan lọ́sẹ̀ di mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mò ń rẹ ẹ́, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń sá a, mò ń lọ̀ ọ́, mò ń ká a ní igun mẹ́rin, funfun báláú. Inú mi tiẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo rò pé bí ọmọ ìyá ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹta, mo tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà tó dá wọn lóhùn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ kúkú mọ Àǹtí mi: wọ́n lè bá ọgọ́ta ọmọ kíláàsì wọn wí láìmí, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ara wọn, ohùn wọn á wọlé lọ. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ó ń pọ̀ díẹ̀." Dókítà ní, "Ṣé ó máa ń kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì?" Kí wọ́n tó la ẹnu, èmi ti là á. Mo ní, "Rárá o, Dókítà. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn. Kò sí àbàwọ́n kankan lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ lè wá wò ó." Irọ́ kọ́ ni, kò sí àbàwọ́n níbẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ mi ti fọ̀ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ tán: ọ̀rọ̀ yín ní ìdí ọkọ̀ ń dún létí mi. Mo rò pé bí dókítà bá fi lè gbọ́ bó ṣe pọ̀ tó, ọ̀bẹ ló kàn. Dókítà kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀. Àǹtí mi wò mí fìrí, wọ́n tún wo ilẹ̀. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti oògùn tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ. Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, agbára rẹ̀ sì tán. Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́. Wọ́n fi ohun kékeré kan sínú ilé ọmọ tí wọ́n ní yóò dín ẹ̀jẹ̀ kù, kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tó fi bọ́ jáde fúnra rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, wọn ò pa iṣẹ́ jẹ. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, orí ìjókòó ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyá Kékeré, tó jẹ́ pé kíláàsì wọn ló wà lọ́dún yìí, ló rí ohun tí àgbà ò rí. Ó ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹkù, Mọ́mì kì í kọ nǹkan sókè bọ́ọ̀dù mọ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Àwa tá a wà lẹ́yìn máa ń dìde ká tó rí i." Mo ní kó panu mọ́ kó jẹun. Ẹ̀rí kejì tí mo fọ̀ nù nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀gá ilé-ìwé pè mí. Àǹtí mi ti ṣubú níwájú kíláàsì, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò pariwo, wọ́n rò pé tíṣà ń wá nǹkan nílẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ọsibítù, ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ́ méjìlá, márùn-ún ló kù. Mo tẹ́ apá sílẹ̀, wọ́n gba àpò ẹ̀jẹ̀ kan lára mi. Ìyá Ọṣẹ kó òṣìṣẹ́ mẹ́ta wá láti ilé ìfọṣọ, wọ́n to wọ́n bí aṣọ lórí okùn, wọ́n ní, "Ẹ fà á lára àwọn wọ̀nyí, wọ́n sanra lásán."

Dókítà yẹn dé, ó ṣí ìwé tó kọ ní oṣù kẹta, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo ní kò sí àbàwọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ wá gba ibo lọ?" Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìdì mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo sọ ti omi tútù àti iyọ̀. Ó yẹ kó bú mi, mo tiẹ̀ ń dúró dè é. Ó kàn ní, "Ọwọ́ rẹ mọ́ jù." Lẹ́yìn náà ló ní oṣù tó ń bọ̀, kí n máa fọ aṣọ náà bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí n máa kà á kó tó kan omi.

Ní ilé ìfọṣọ, a máa ń rán òwú sí igun aṣọ kọ̀ọ̀kan kó má bàa ṣìnà, àwọ̀ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní yàtọ̀. Mo mú òwú pupa tó nípọn, èyí tí à ń lò fún ilé ìwòsàn, mo gé e gùn. Aṣọ kékeré kan, mo ta kókó kan. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, mo ta méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ẹ̀jẹ̀ náà fi dà, mo sì ta kókó mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó rẹ̀ mí tó ìyẹn rí. Fífọ̀ ọ́ kò tó nǹkan. Kíkà á ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń fọ̀.

Nígbà tí a padà lọ, mo gbé òwú náà lé tábìlì dókítà. Ó fà á gba àárín ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kókó kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Àǹtí mi, kò wo ojú mi mọ́. Ó ní ìju ló kún ilé ọmọ wọn, ìyẹn ẹran tó máa ń hù níbi tí kò yẹ. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n rò ó bóyá kí àwọn yọ ilé ọmọ náà kúrò pátápátá.

Àǹtí mi ò sunkún. Wọ́n bi í léèrè bí ìgbà tí tíṣà ń ka ìdánwò síta. Wọ́n ní, "Tẹ́ ẹ bá yọ ìju nìkan ńkọ́?" Dókítà ní ó ṣeé gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó pọ̀, ó sì fọ́n ká inú ògiri ilé ọmọ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú kọnkéré. Ó ní tí òun bá ń hú u, ẹ̀jẹ̀ lè dà débi tí yóò di dandan kí òun yọ gbogbo rẹ̀ náà, tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó tún lè hù. Wọ́n ní, "Tí mo bá dúró de ìparí ọdún ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tá a fà sí yín lára á tún dà lọ. Mi ò lè ṣèlérí pé a ó rí òmíràn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún ṣubú." Ó ní ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé, òun ò ní fọwọ́ kàn án, wọn ò ní di arúgbó lójijì. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò léwu, wọn ò sì ní lè gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní wọn ò ní lè bímọ mọ́ láyé. Kò fi oyin sí i rárá. Ìbéèrè tó kẹ́yìn lẹ́nu Àǹtí mi ni, "Ṣé ọwọ́ mi á lè gòkè?" Dókítà ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, èmi mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Tí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti pé, gbogbo nǹkan á gòkè. Ẹ̀yin lẹ ni ara, ẹ lọ rò ó."

Ẹ ó rò pé ojú mi là níbẹ̀. Kò là. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi ní, "Àǹtí mi, Bọ̀dá ní ká dúró o." Wọ́n di apá mi mú torí àtẹ̀gùn, a sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi kan. Mò ń ka àtẹ̀gùn náà nínú ọkàn mi, mo sì tún ń gbé ìlérí tí mo ṣe fún yín lórí bí ẹni gbé irin.

Ìyá Ọṣẹ ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún wọn pé a ò ní gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, pé mo ti ṣèlérí fún ọkọ Àǹtí mi. Wọ́n ń fún omi lára bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìtura lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ pé tó bá ti tutù, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ le ju búlọ́ọ̀kù lọ. Ta ló ń dá bùláńkẹ́ẹ̀tì yìí gbé níbí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Mà." Wọ́n ní, "Ó pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ mi. Ṣé o rí ibi tí ara mi ti lu ihò?" Mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí, Bọ̀dá. Wọ́n gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sórí okùn, wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Má lọ sọ fún un pé ayọ̀ ni o. Mo sunkún. Odindi ọdún kan, tí mo bá rí ìkókó lọ́nà, òdìkejì ni mò ń gbà. Ṣùgbọ́n mo wà láyé láti sun ún. Jẹ́ n bi ẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ ni wọ́n ní kó o máa ṣọ́ àbí ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo bá wọn fún bùláńkẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ìbéèrè náà tẹ̀lé mi dé ilé.

Lánàá, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àǹtí mi ní kí n sin àwọn dé ilé-ìwé, pé àwọn fẹ́ mú ìwé kan. Ilé-ìwé dá wáí. Wọn ò mú ìwé kankan. Wọ́n jókòó sí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọ́n ń wo bọ́ọ̀dù. Ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù náà mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ tí wọ́n sì ń parẹ́. Lókè pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń kọ déètì sí, déètì kan ṣì wà níbẹ̀ láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ọjọ́ tí apá wọn dé ibẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Láti ìgbà náà, wọn ò lè kọ òmíràn, wọn ò sì lè pa á rẹ́. Mo dìde, mo mú ìparẹ́. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Èmi ni mo máa pa á rẹ́."

Wọ́n wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu wọn látìgbà tí ẹ ti lọ. Wọ́n ní àwọn ti pinnu, kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní oṣù mẹ́jọ ni àwọn fi ń tọ́jú ààyè fún ọmọ tí kò tíì wá, tí èyí tó wà nílẹ̀ sì ń dìde dúró kó tó rí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ ọmọ míì bí bàbá ẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Bóyá mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi. Ó rẹ̀ mí dé egungun." Mo ní kí ni kí n sọ fún yín. Wọ́n ní, "Sọ fún bàbá ọmọ mi pé mi ò bèèrè o. Mò ń sọ fún wọn ni. Tí wọ́n bá sì fẹ́ sunkún, kí wọ́n wá sun ún síbí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa dá sunkún nínú òkè, kí n máa dá sun tèmi níbí."

Láti ilé-ìwé la gba ọsibítù lọ. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé wá, ó ní ọkọ dà. Mo ní ẹni tó ni ara rèé, wọ́n mọ̀wé kọ, ẹ fún wọn ní bírò. Àǹtí mi fọwọ́ sí i, ọwọ́ tíṣà, ó gún régé. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹlẹ́rìí, èmi ni mo fọwọ́ sí ìyẹn. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ̀rù ò ba Àǹtí mi rárá, kí ẹ mọ̀. Èmi ni ẹ̀rù ń bà.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ti ọ̀sẹ̀ yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni wọ́n máa gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Awakọ̀ epo yìí yóò dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí, yóò sì máa padà bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà. Ìjókòó kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òun ò ní gbé ẹlòmíràn síbẹ̀ àfi tí ẹ bá ní ẹ ò wá. Tí ẹ bá fẹ́ jà, èmi ni kí ẹ bá jà, mo wà ní ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní sá, mi ò sì ní bẹ̀bẹ̀. Ẹ má bá wọn jà. Wọn ò ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi bá èèyàn jà.

Òwú pupa yẹn wà nínú àpòòwé yìí. Mo bẹ dókítà kó tó dá a padà fún mi. Ẹ má wulẹ̀ wò ó lójú lásán. Ẹ fà á gba àárín ìka yín bí ó ṣe fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ wá ibi tí òkúta ti là, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ ju etí yín lọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àtẹ̀lẹsẹ̀ yín lójú ọ̀nà àbọ̀. Kí òkè tí ẹ ń lu má ṣe gba èèyàn kankan lọ́wọ́ ilé wa. Kí a rí ara wa pẹ̀lú ojú tó lómi, ṣùgbọ́n kí a rí ara wa. Àmín.

Èmi ni àbúrò ìyàwó yín, tí kì í ṣe ọ̀tá yín,
Òkúta.

Àfikún: Àǹtí mi ní kí n ka lẹ́tà yìí sí àwọn létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò yọ nǹkan kan níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bínú sí ti síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti dá mi dúró, ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ẹ̀rù ò bà wọ́n. Mo fẹ́ pa á rẹ́, wọ́n ní kí n má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́, pé mo ti fọ nǹkan nù tó. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n kàn kọ òtítọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ náà ni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an. Ẹ máa bọ̀.